Ipa Họ́mọ̀nù àti Jíìnì nínú Ìbísí Edé Odò tí a ń Sìn

1. Ìfáárà

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn edé odò tí àwọn àgbẹ̀ ń sìn ni Macrobrachium rosenbergii, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Gúúsù àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni S. W. Ling ṣàwárí ní Malaysia pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú odò ni edé yìí ń gbé, ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ kò lè yè bí omi kò bá ní iyọ̀ díẹ̀. Àwárí yìí ni ó mú kí sísìn ín ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù: akọ a máa tóbi ju abo lọ, nítorí pé orí ẹyin ni púpọ̀ nínú agbára abo ń lọ. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé ẹṣẹ́ kan ṣoṣo àti jíìnì kan tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ó ń sọ edé di akọ.

2. Ọ̀pá Ojú àti Ẹyin

Ojú edé gùn lé orí ọ̀pá kékeré méjì. Inú ọ̀pá yìí ni họ́mọ̀nù tí ń dá ilé ẹyin dúró ti ń wá, pẹ̀lú èyí tí kì í jẹ́ kí edé bọ́ èèpo rẹ̀ láìtọ́jọ́. Ní 1943, Panouse fi hàn pé bí a bá gé ọ̀pá ojú abo edé òkun kan, kíákíá ni ilé ẹyin rẹ̀ yóò dàgbà. Àwọn tí ń sìn edé òkun ṣì ń lo ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n edé odò kò nílò rẹ̀, nítorí ó ń yé ẹyin fúnra rẹ̀ nínú adágún. Kété tí abo bá bọ́ èèpo, tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀, ni akọ máa ń gùn ún. Yóò sì gbé ẹyin náà sábẹ́ ikùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

3. Ẹṣẹ́ Akọ

Ní 1954 ni Charniaux-Cotton ṣàwárí ẹṣẹ́ akọ lára ẹ̀dá kékeré kan tí ó bá edé tan. Lára edé, ẹ̀gbẹ́ ìparí ọ̀nà àtọ̀ ni ó wà. Họ́mọ̀nù tí ń ti inú rẹ̀ jáde jọ ínsúlíìnì. Jíìnì tí ó ń pèsè rẹ̀ ni a ń pè ní IAG. Họ́mọ̀nù ọ̀pá ojú sì ń kó ẹṣẹ́ yìí náà níjàánu.

Láàrin ènìyàn, ọ̀dọ̀ bàbá ni akọ tàbí abo ti ń wá; láàrin edé yìí, ọ̀dọ̀ ìyá ni. Kírómósóòmù akọ jẹ́ ZZ, ti abo jẹ́ ZW. Ní 1990, Amir Sagi àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Israel fi hàn pé bí a bá yọ ẹṣẹ́ náà lára akọ tí ó ṣì kéré gan-an, yóò di abo tí ń yé ẹyin, àmọ́ ZZ ni yóò ṣì jẹ́. Nítorí náà, bí akọ bá gùn ún, gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́ akọ. Ní 2012, Ventura, Sagi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dé ibi kan náà láìlo ọ̀bẹ: abẹ́rẹ́ RNA ni wọ́n fi pa jíìnì IAG lẹ́nu mọ́. Jíìnì náà kò yí padà, ọmọ kò sì jogún abẹ́rẹ́ náà.

4. Ìwúlò Rẹ̀

Èrè àgbẹ̀ nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Bí edé àjèjì bá já bọ́ sínú odò, akọ nìkan kò lè bímọ níbẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ní edé tirẹ̀, Macrobrachium vollenhovenii, tí ó wà ní Ọ̀sà Èkó. Edé yìí ń jẹ ìgbín odò tí ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Nígbà tí a parí ìdídò Diama lórí odò Senegal ní 1986, ọ̀nà abo sí omi oníyọ̀ dí, edé sì dín kù lókè odò. Àyẹ̀wò kan tí a gbé jáde ní 2015 fi hàn pé nígbà tí a dá edé padà sí abúlé Lampsar, ìgbín tí ó ní kòkòrò dín kù, àrùn náà sì dín kù lára àwọn ará abúlé.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn gbangba pé kírómósóòmù nìkan kọ́ ni ó ń sọ edé di akọ tàbí abo. Họ́mọ̀nù ni ó ń mú àṣẹ rẹ̀ ṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí àṣẹ náà ń gbà ni ó lè darí ìbísí edé láìba irú rẹ̀ jẹ́.