Agbá Kì í Ṣe Ìlù: Àtúnṣe Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Àlòkù àti Ọ̀rọ̀-Ìperí Rẹ̀ ní Agbègbè Ọ̀jọ́

Ọjà Àlàbá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, wà lára àwọn ọjà ohun èlò iná mànàmáná tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ gba òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì yóò kọjá ní Ìyànà-Ìbà, lẹ́bàá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983, kí ó tó dé Òkokomáíkò. Lójú ọ̀nà yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ sì ti yí padà, síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ ni a ṣì fi ń pe ibùdókọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Orúkọ tí ó bá ti mọ́ni lẹ́nu kì í tètè kúrò nílẹ̀, ì báà bá ohun tí ó ń tọ́ka sí mu, ì báà má bá a mu. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ àlòkù, tí a ń rà tí a sì ń tún ṣe ní agbègbè yìí, kan àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀rọ náà ti wọlé, àtúnṣe rẹ̀ sì ti di iṣẹ́ òòjọ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé rẹ̀ ni kò tíì tò.

Kí a tó dé inú ẹ̀rọ, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń pe ọjà náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àlòkù ni ohunkóhun tí ẹnì kan ti lò rí, ibi yòówù kí ó ti lò ó. Tòkunbọ̀ jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé; láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989 wá, nígbà tí náírà ń já wálẹ̀, ni ó ti di orúkọ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ti lò kí wọ́n tó kó o wá. Kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni èyí tí ó ti kú pátápátá, tí a ń rà nítorí irin àti kọ́pà inú rẹ̀ nìkan. Bí ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n ààlà tí ó wà láàárín tòkunbọ̀ àti kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni ààlà tí ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2011 lórí ohun èlò iná mànàmáná fà: èyí tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè wọlé, pàǹtírí kò gbọdọ̀ wọlé. Nínú ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016, ó hàn pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ta tọ́ọ̀nù, èyíinì ni 60,000, ohun èlò àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dọọdún, àti pé, ó kéré tán, 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Atúmọ̀-èdè tí ó bá fi àlòkù kan ṣoṣo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ ti pa ààlà òfin rẹ́, bẹ́ẹ̀ èdè àwọn ọlọ́jà ti yà á sọ́tọ̀ fún un tẹ́lẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọ́n ń wá ẹ̀rọ ìfọṣọ àtijọ́ kiri, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Hoover ń ṣe ní ìlú Merthyr Tydfil láti 1948 títí wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 2009. Ìfẹ́ ohun àtijọ́ ni ó ń mú wọn ṣe é. Ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ohun tí ó mú ẹ̀rọ àtijọ́ wulẹ̀ wu ènìyàn ni pé ó bá ilé mu. Ẹ̀rọ alágbá-méjì ni ó dára jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ: agbá kan ń fọ aṣọ, èkejì ń gbọn omi rẹ̀ dànù, ọwọ́ ni a sì fi ń kó aṣọ láti inú ọ̀kan sí èkejì. Kò béèrè omi ẹ̀rọ tí ń fi agbára tú jáde. Garawa omi kànga tó fún un. Omi ọṣẹ kan náà lè fọ aṣọ funfun, kí a tó kó aláwọ̀ sí i. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹni tí ó ni aṣọ yóò ṣí ìdérí, yóò fi ọwọ́ parí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà kékeré ń darí kì í gba irú èyí. Ọ̀pọ̀ wọn a ti ilẹ̀kùn mọ́ aṣọ lójú.

Agbá tí a ti dárúkọ yìí ni ibi tí ìtumọ̀ ti kọ́kọ́ ń kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun tí onílù ń lù àti ohun tí a ń pọn omi tàbí epo sí. Ẹni tí ó bá jókòó ti ìwé atúmọ̀ nìkan lè kọ ọ́ pé kí a kó aṣọ sínú ìlù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rẹ́rìn-ín títí kò fi ní rántí ohun tí a ń kọ́ ọ. Yorùbá ti pín méjèèjì níyà tipẹ́. Agbá ni ohun roboto tí ó jin nínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú ẹ̀rọ onílẹ̀kùn-iwájú rí mọ̀ pé agbá méjì ni ó wà nínú rẹ̀: èyí tí ó lu jára-jàra, tí ń yí, tí aṣọ wà nínú rẹ̀, àti èyí tí kò lu, tí kì í yí, tí ó gba omi mọ́ra. Agbá inú àti agbá òde ni ó tọ́ kí a pè wọ́n. Láìsí ìyàtọ̀ yìí, kò sí bí a ṣe lè ṣàlàyé rọ́bà tí ó wà láàárín wọn, tí ó jẹ́ pé, bí ó bá já, omi a máa jò sórí bíárìn, bíárìn a sì dógùn-ún.

Ìgbà tí a bá ń rà á ni bíárìn yìí ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kì í kọ́kọ́ ní kí a ti ẹ̀rọ bọ iná. Ọwọ́ ni ó fi ń yí agbá inú, yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá ń dún wàràwàrà bí òkúta nínú akèrègbè, bíárìn ti lọ. Bí ó bá gbé agbá sókè, tí ó sì ń mì, ìrìnàjò inú ọkọ̀ ojú omi ti lè já sípíríǹgì tí ó gbé e rọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kó o kì í dè é ní bóòtù kí wọ́n tó gbé e. Yóò wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti dípata, yóò sì fi imú gbọ́ òórùn wáyà jíjó. Lẹ́yìn náà ni yóò wá àwo irin kékeré tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tí a kọ iye iná sí.

Àwo kékeré yìí ni ọ̀ràn tí ó le jù wà. Bí oníbàárà bá béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé agbára iná rẹ̀ bá ti ibí mu?", èsì tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Ó bá a mu, ẹ ṣáà ra tiransifọ́mà sí i." Ìbéèrè àti èsì jọ tọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ni ó wà lórí àwo náà, ọ̀rọ̀ kan, agbára iná, ni a sì fi ru gbogbo wọn. Wọ́ọ̀tì nìkan ni ó yẹ kí ó jẹ́ agbára. Áḿpìà jẹ́ ìṣàn, bí omi ṣe ń ṣàn nínú páìpù. Fólítì jẹ́ ohun tí ń ti ìṣàn náà lẹ́yìn, a sì lè pè é ní ìtaari. Ẹ̀kẹrin, tí wọ́n kọ Hz sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni kò ní orúkọ rárá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iná tí ń wá láti ojú òpó kì í ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60. Ẹni tí kò yéé lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Yorùbá ń wí pé ó ń pààrà ibẹ̀. Ìpààrà iná wá bá a mu, ó sì kúrú tó láti wọ inú ìwé.

Ẹ̀rọ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ń fẹ́ ìtaari 120 àti ìpààrà 60. Iná Nàìjíríà jẹ́ ìtaari 230 àti ìpààrà 50. Tiransifọ́mà yóò sọ 230 di 120. Kò lè fọwọ́ kan ìpààrà. Ẹ̀rọ náà yóò ṣiṣẹ́ lójú ẹni tí ó rà á, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú mọ́tò tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì, ìyípo rẹ̀ ń tẹ̀lé ìpààrà iná: èyí tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 1,725 láàárín ìṣẹ́jú kan yóò máa yí ní nǹkan bí 1,440. Táímà tí irú mọ́tò kékeré bẹ́ẹ̀ ń yí yóò lo ìṣẹ́jú 12 fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10. Ìwọ̀nyí kò burú púpọ̀. Èyí tí ó burú ni pé, bí ìpààrà bá dínkù tí ìtaari kò dínkù, ìṣàn inú wáyà kọ́pà yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, mọ́tò yóò máa gbóná, ọ̀dà tí a fi bo wáyà yóò sì jó díẹ̀díẹ̀ títí mọ́tò yóò fi kú. Ẹni tí ó ni ín yóò sọ pé àlòkù ni, kò lè pẹ́. Ohun tí ó pa á ni pé ọ̀rọ̀ kan ru ẹrù mẹ́rin. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá lè yàn, kí ó yan èyí tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì wá, níbi tí ìtaari àti ìpààrà ti bá tiwa dọ́gba.

Mọ́tò fúnra rẹ̀ kò dára lọ́rọ̀. Ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu Yorùbá láti ìgbà pípẹ́. Àwọn kan a máa pè é ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń jẹ epo. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Amúnáwá ni jẹnẹrétọ̀: a yí i, ó mú iná wá. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ yí ọ̀ràn náà po: a mú iná wá fún un, ó ń yí nǹkan. Bí a bá pè é ní amúyí, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti rí ẹ̀kọ́ méjì kọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé amúnáwá àti amúyí jẹ́ iṣẹ́ kan náà ní ìdàkejì ara wọn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ amúyí ni ìgò irin kékeré kan máa ń wà, tí àwọn atúnnáṣe ń pè ní kàpásítọ̀. Òun ni ó ń ràn án lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bátìrì a máa ti inú ara rẹ̀ pèsè iná. Èyí kò ju kí ó kó iná tí a fún un pamọ́, nítorí náà akónápamọ́ ni ìwà rẹ̀. Orúkọ yìí wúlò ju ẹwà lọ. Ọmọṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé, bí a tilẹ̀ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè gbé ènìyàn. Akónápamọ́ tí ó ti dàgbà ju ọdún 1980 lọ tún lè ní òróró olóró tí a ń pè ní PCB nínú. Amẹ́ríkà fi òfin de ṣíṣe rẹ̀ ní 1979. Bí ó bá wú tàbí tí ó ń jò, a kì í fọwọ́ lásán kan án, a kì í sì í sun ún.

Ìgbà tí aṣọ bá kúrò nínú omi ni èdè tún gbọdọ̀ ṣọ́ra. Àwọn kan ti ń pe agbá kejì ní agbá ìfúnṣọ. Alágbàfọ̀ ni ó ń fún aṣọ, ó ń lọ́ ọ po lọ́wọ́ méjèèjì. Agbá kì í lọ́ nǹkan kan. Bí agbá tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 bá ń yí ní ìgbà 800 láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí ó wà ní etí rẹ̀ yóò tẹ ara agbá bí ẹni pé ó wúwo ní ìlọ́po 140 ju bí ó ti rí lọ. Ara agbá dá aṣọ dúró. Omi bá ihò jáde. Bí ajá bá ti inú odò gòkè, ohun tí ó ń ṣe kò jìnnà sí èyí: ó ń gbọn omi ara rẹ̀ dànù. Agbá ìgbọnmi ni ó sún mọ́ òtítọ́, bí a bá lè rántí kí a má fi àmì òkè sí gbọn náà, kí ó má baà di ti ẹni tí ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀.

Kò pọn dandan kí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ gba orúkọ tuntun. Bẹ́líìtì, bíárìn, girísì, páǹpù, bóòtù àti sípánà ti di ti Yorùbá, wọn kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Fífi ọ̀rọ̀ gígùn rọ́pò wọn jẹ́ asán. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, àti nígbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a ń sọ̀rọ̀ bá. Ibi iṣẹ́ àtúnṣe ń béèrè ohun mìíràn: ọ̀rọ̀ tí a lè ké sí ọmọṣẹ́ tí ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, tí kò sì ní gbọ́ ọ ní òdì.

Bí bíárìn àti rọ́bà tuntun bá ti wọlé, tí a ti fọ bọ́tìnnì àti owó ẹyọ kúrò nínú páǹpù, tí a ti ha ìpata kúrò, tí a sì ti kùn ún, ó ku wáyà ilẹ̀. Òun ni ó so ara irin ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀, kí iná tí ó bá já bọ́ sára irin lè rí ọ̀nà mìíràn gbà yàtọ̀ sí ara ènìyàn. Nínú ọ̀pọ̀ àlòkù, wọ́n ti gé e dànù níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ orí wáyà. A óò dá a padà. A óò wá bu omi sí agbá láìsí aṣọ, a óò jẹ́ kí ó yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a óò wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, a óò fi ọwọ́ wo ìgbóná amúyí lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó kó aṣọ sí i.