Iyanrìn Etíkun Kò Mọ Ààlà: Ohun tí Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Fi Hàn nípa Òkun Tó Ń Jẹ Ilẹ̀

Iyanrìn etíkun kì í dúró sójú kan. Láti ẹnu odò Volta ní Gánà, gba Tógò àti Benin kọjá dé Èkó, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ìgbì òkun ti ń wá, kì í sì í kọlu ilẹ̀ lójúkorojú, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà kọlù ú, èyí tó mú kí ó máa ti iyanrìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn láìsinmi. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ní etíkun Tógò àti Benin, iyanrìn tó ń kọjá lọ́dún kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà, kúbíìkì mítà kan sì ni ìwọ̀n ohun tó kún àpótí tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí èyí tó ń wọlé bá ti bá èyí tó ń jáde dọ́gba, etíkun yóò dúró. Níbi tí nǹkan bá ti dí ọ̀nà, òkun yóò máa kó ilẹ̀ lọ láìsí arọ́pò.

Èkó ti rí àpẹẹrẹ èyí. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta wọ inú òkun ní ẹnu ọ̀sà, kí iyanrìn má baà dínà mọ́ ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ ráyè wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyanrìn jókòó sí ìwọ̀-oòrùn ògiri náà, tí etíkun ibẹ̀ fi ń fẹ̀ sí i, nígbà tí Bar Beach ní Victoria Island, tó wà ní ìlà-oòrùn, pàdánù ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan. Léraléra ni ìjọba da iyanrìn síbẹ̀, léraléra ni òkun ń kó o lọ, nítorí ohun tó fà á kò kúrò níbẹ̀. Ògiri ìlú tuntun Eko Atlantic, tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, ti gba Victoria Island sílẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú kéré èyí. Àmọ́ ògiri kì í mú iyanrìn wá, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn ará Òkun Alfa, tí wọ́n wà níwájú ní ìhà ìlà-oòrùn, ti ń kígbe pé òkun ń gba ilé àwọn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Tógò, níbi tí èbúté Lomé, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960, ti gba iyanrìn tó yẹ kó dé ìlú Aného, lẹ́yìn tí ìdídò Akosombo, tí wọ́n parí ní 1965, ti há èyí tí odò Volta ń gbé bọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ tí ó bá ìmọ̀ mu jù ni kí ènìyàn lo agbára ìgbì náà fúnra rẹ̀. Ní 2011, orílẹ̀-èdè Netherlands kó iyanrìn tó tó mílíọ̀nù mọ́kànlélógún àti ààbọ̀ kúbíìkì mítà jọ sójú kan ní etíkun Delfland, kí ìgbì lè máa pín in káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Benin náà ti lo irú ọgbọ́n yìí ní Avlékété. Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ètò WACA, ètò ìtọ́jú etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Báǹkì Àgbáyé ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, ní 2018, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iwájú Tógò àti Benin ni iyanrìn Èkó ń gbà wá.

Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, tí òkun ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀ náà, yàtọ̀ pátápátá sí ìwọ̀nyí, èyí ni àwọn tó ń ṣèlérí ògiri fún un kì í sábà sọ. Ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀, nítorí pé àwọn àfonífojì jíjìn tó wà lábẹ́ òkun, Avon àti Mahin, ń gbé iyanrìn mì kó tó débẹ̀. Òkúta wúwo a máa rì sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa fún, a máa wálẹ̀. Ní ìtòsí rẹ̀, ní Awóyè, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú irà, ó sì pa igi tó di ilẹ̀ mú. Kí ìjọba tó tún fọwọ́ sí iṣẹ́ kankan ní Ayétòrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń rì àti bí ìgbì ṣe ń wọlé, kí wọ́n tẹ́ èsì rẹ̀ síwájú àwọn ará ìlú, kí wọ́n sì gbọ́ láti ẹnu wọn bóyá wọ́n á dúró tàbí wọ́n á ṣí lọ sí ilẹ̀ tó ga.