Ìtàn ẹbí tí àwọn àgbà ń sọ: ohun tó ń ṣe fún ìlera wọn àti fún ìlera àwọn ọmọ wa

Ẹ jẹ́ ká fi ẹbí kan ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé. Àbúrò wọn obìnrin wà ní Tamale, ní àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, níbi tí wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ló yà wọ́n. Ìgbà náà ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bàbá di ẹrù, wọ́n padà sílé. Àbúrò wọn ti lọ́kọ níbẹ̀, kò lè bá wọn wá.

Lónìí, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń gbúròó ara wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọmọ ọmọ bàbá á tẹ fóònù, á gbé e súnmọ́ etí wọn. “Bọ̀dá mi, ẹ kú alẹ́ o. Ṣé ara le?” Wọ́n á kọ́kọ́ sọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé àti ẹni tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó wọ ọ̀rọ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ ọjà Tamale àti ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò ní: “Bọ̀dá, ojú tí ẹ sọ pé kò ríran dáadáa mọ́ yẹn, ẹ má fi ṣeré o. Ṣé ẹ rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ṣókùnkùn bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mú Ẹ̀gbọ́n wa àgbà.” Ọmọ ọmọ tó di fóònù mú lanu. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ìfọ́jú wà nínú ẹbí wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé ni pé ayé ló bá bàbá ńlá jà.

Irú ẹbí báyìí pọ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìgbòho àti Ṣakí ti ṣòwò dé Ghana láti ayé àwọn baba wa. Àwọn ará Èjìgbò pọ̀ ní Abidjan lọ rẹpẹtẹ. Àwọn mìíràn wà ní Jos, ní Kano, ní Niamey. Ẹbí ti fọ́n káàkiri, orí àwọn àgbà ni ìtàn wọn sì wà. Bí a kò bá bi wọ́n, wọn á gbé e lọ.

Ṣé ọ̀rọ̀ lásán ni, àbí ó ń ṣe ara láǹfààní?

Ó ń ṣe ara láǹfààní. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń bá fínra, àti pé ikú tó lé ní 871,000 lọ́dọọdún ló ní ọwọ́ rẹ̀ nínú. Ìdánìkanwà kì í ṣe kí ilé ṣófo nìkan. Ìyá lè wà nínú ilé tí ènìyàn mẹ́wàá ń gbé, kó má sì sí ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ju “Mama, ẹ wá jẹun” lọ.

Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan mẹ́rìnlá tí a lè ṣiṣẹ́ lé lórí láti dín àrùn ìgbàgbé kù, ìyẹn èyí tí àwa ń pè ní arán. Àìrẹ́ni-bá-sọ̀rọ̀ wà lára wọn. Kí etí má gbọ́ràn dáadáa náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí Bàbá kò bá dáhùn nígbà tí ẹ ń sọ ìròyìn ilé, ẹ má yára sọ pé orí wọn ti dàrú. Ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò etí ná. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó dì síbẹ̀ ni.

Ìbàdàn náà ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1992 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ ń ṣe ìwádìí lórí àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn àgbà aláwọ̀dúdú ní Indianapolis. Èsì tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, arán bẹ̀rẹ̀ lára nǹkan bí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Ìwádìí náà kò sọ pé gbígbé láàárín ẹbí ló fa ìyàtọ̀ yìí, kò sì sọ pé arán kì í ṣe Yorùbá. Ó ń ṣe wá, a kàn ń pè é ní ọjọ́ ogbó ni.

Ní ti ọ̀rọ̀ àtijọ́, ìgbà kan wà tí àwọn dókítà òyìnbó gbà pé àgbà tó bá ń sọ ti àná ṣáá ti ń ṣarán. Ní ọdún 1963, Robert Butler, dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé kò rí bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí ọkàn àgbà ní láti ṣe ni, kó yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò, kó lè fọkàn balẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olùtọ́jú arúgbó ti ń fi àwòrán, orin àti nǹkan àtijọ́ mú wọn sọ̀rọ̀. Kì í wo arán sàn, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ara wọn yá, ó sì ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù. Àwa ní oríkì. Ẹ ki Ìyá yín ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ wo ojú wọn.

Ìmọ̀ ìlera tó pamọ́ sínú ìtàn ìdílé

Fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣì kéré, ibí yìí ló kàn yín jù.

Ojú: Àrùn glaucoma wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kì í sábà dun ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ bọ̀, nígbà tí aláìsàn bá fi máa mọ̀, ó ti jẹ jìnnà. Ojú tó bá ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tó kù sí. Bí ó bá ti mú òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹnì kan rí, ewu rẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má dúró dìgbà tí ojú bá ń ṣe é kó tó lọ ṣàyẹ̀wò.

Ẹ̀jẹ̀: Ẹ wo orúkọ àwọn tó ti lọ. Nínú ìlà ìdílé púpọ̀, ẹ óò rí Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Òye àwọn oníṣègùn òde òní ni pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí àwọn baba wa ń pè ní àbíkú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọmọ púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí Ìyá àgbà bá sọ pé àwọn ọmọ tó kú náà máa ń ké pé egungun ń ro àwọn, ẹ má gbójú fò ó. Bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Bí bàbá àti ìyá bá jọ jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ máa jẹ́ SS, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní oyún kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé bí ẹyọ kan bá ti ní i, mẹ́ta tó kù ti bọ́.

Jẹjẹrẹ: Obìnrin tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú, àti ọkùnrin tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ti ní jẹjẹrẹ prostate, ewu tiwọn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà ní kùtùkùtù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ: “Ó dìde láti kí àlejò, ó kàn ṣubú lulẹ̀ ni.” “Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹrà títí wọ́n fi gé e.” Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ láti ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, èkejì lè jẹ́ àtọ̀gbẹ.

Báwo ni ká ṣe máa béèrè?

Ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ ìran mẹ́ta síbẹ̀: ẹ̀yin àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yín, àwọn òbí yín pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn, àti àwọn òbí àgbà. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tó gbé, àìsàn tó ní, iye ọdún tó tó nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó pa á bó bá ti kú. Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì: àìsàn tó bá mú ènìyàn kó tó pé 50 ọdún ni dókítà máa ń fẹ́ gbọ́ jù.

Ẹ má jókòó ti àgbà bí ọlọ́pàá. Inú ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti mú un jáde. Bí Màmá kò bá mọ ọdún, ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó lé wọn ní Ghana tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Wákàtí kan ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bí omijé bá dé, tí wọn kò sì fẹ́ tẹ̀síwájú, ẹ fi í sílẹ̀. Ìtàn mìíràn ní ọgbẹ́ nínú.

Ohun tí ẹ bá sì rí gbọ́, ẹ má gbé e sí gbàgede WhatsApp ẹbí. Ti ẹni tó ni ín ni. Àwọn gbájúẹ̀ náà ń wá orúkọ ìyá àti ti àbúrò tí wọ́n á fi pe arúgbó, kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ìròyìn burúkú ńkọ́?

Àṣà wa ni pé a kì í já òkú lé arúgbó láyà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò, ọgbẹ́ méjì ló dá. Ẹ sọ ọ́ ní ojúmọmọ, lójúkojú, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun, tí wọ́n sì ti lo oògùn wọn. Kí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jókòó tì wọ́n, kí ó sì sùn ti wọ́n mọ́jú. Ẹ má ṣe fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù.

Bí arúgbó bá ti ní arán, tó ń béèrè ẹni tó ti kú lójoojúmọ́, ẹ má máa túfọ̀ fún un lójoojúmọ́. Ọ̀fọ̀ tuntun ni yóò máa jẹ́ fún un. Ẹ ní, “Ẹ sọ nípa wọn fún mi,” kí ẹ sì gbọ́.

Ìgbà wo ni àtúnsọ ọ̀rọ̀ di àmì àìsàn?

Kí àgbà sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìyẹn nìkan kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ṣìnà lójú ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọn kò lè ka owó mọ́, tí wọ́n bá béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, tàbí tí ìwà wọn yí padà, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ọ̀rọ̀ wọn bá sì dédé dàrú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má pè é ní ọjọ́ ogbó. Ibà, àrùn inú ìtọ̀ tàbí oògùn tuntun lè fà á. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Bí àgbà bá fẹ́ lọ fojú rí ẹbí

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Láti Èkó dé Abidjan tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí oògùn wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú búùtù ọkọ̀, kó sì lé ní iye ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò. Kí wọ́n mu omi, kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, nítorí ìjókòó tó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń ro wọ́n, tàbí tí èémí wọn ń gé, ilé ìwòsàn kíákíá.

Wọ́n á béèrè yẹ́lò káàdì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní 60 ọdún tí kò gbà á rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, torí abẹ́rẹ́ náà lè ṣe irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ bákan. Ẹ má ṣe ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá tiwa. Bí ọmọ ọmọ wọn bá fi ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn ṣe nǹkan, ilé ìwòsàn ojú ló máa gbé wọn lọ. Bí dókítà bá rí glaucoma, wọ́n á máa kán oògùn sójú láràárọ̀, lálaalẹ́, ìwọ̀nba ìríran tó kù á sì dúró. Àwọn ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà á lọ ṣàyẹ̀wò. Ní ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé e, Bàbá á wá gba fóònù fúnra wọn: “Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ti lọ wo ojú tìrẹ?”