Ajá Tí Kì í Dákẹ́, àti Àwọn Tó Fẹ́ Fi Ọ̀bẹ Pa Á Lẹ́nu Mọ́

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò Anthony, ní abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí títì Ìkòròdú ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Gbàgádà lọ sí Ọ̀wọ́ròǹṣòkí, kò lè sọ pé òun kò mọ ariwo. Ariwo dánfó ń bẹ ní ọ̀sán, ti jẹnẹrétọ̀ ń bẹ nígbà tí iná bá lọ, ti ìsọ́ òru àti ti ìpè àdúrà ìdájí sì ń bẹ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ ni etí sì ti mọ̀ tí oorun ti gbà láyè. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ṣeé fara mọ́, nítorí kò ní àkókò, kò sì ní ìdí tí ẹni tó wà lórí ibùsùn lè tọ́ka sí, ni ti ajá tó ṣí ẹnu ní aago kan òru, tí ajá ojúlé kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí ti ẹ̀yìnkùlé gbè é, títí gbogbo òpópónà fi ń gbó, tí kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí èkínní rí.

Ajá kì í ṣe àlejò láàárín àwa Yorùbá. Ó ti ń bá ọdẹ wọ igbó kí ìbọn tó dé, òun sì ni ẹran tí Ògún Lákáayé ń gbà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àti awakọ̀. Àwọn baba wa a sì máa sọ ọ́ ní orúkọ tó ju orúkọ lọ: wọn a pè é ní Tanímọ̀la, tàbí kí wọ́n pè é ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń pe ajá rẹ̀ wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ilé kejì láìbá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀. Àṣà yìí kò tíì kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ní Sango-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan tó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, orúkọ ẹni tó jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, wọ́n sì gbé e dé kóòtù májísíréètì lórí ẹ̀sùn pé ohun tó ṣe lè da àlàáfíà rú. Bí orúkọ ajá lásán bá lè gbé èèyàn dé kóòtù, kí ni ká ti wí nípa èyí tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ da oorun ilé mẹ́wàá rú?

Ìbẹ̀rù olè ló kó ajá wọ ilé wa ní Èkó, kì í ṣe ìfẹ́ ajá. Ẹni tó kọ́lé tó sì mọ odi yí i ká, tó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí orí odi, tó gba mègádì sí ẹnu géètì, yóò tún ra Alsatian tàbí Rottweiler kún un, tàbí kí ó mú Bingo, ajá ilẹ̀ wa tí kò náni ní owó gọbọi, tó sì gbọ́n ju bí a ti rò lọ. Aṣọ́lé-má-gbowó-oṣù ni ajá, oúnjẹ àjẹkù sì tó o. Ẹ wá wo bí a ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n so ó mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ṣéènì rẹ̀ kò sì ju gígùn ọkùnrin méjì lọ. Ibi tí ṣéènì dé ni ilẹ̀ ti dán yíká, tí koríko kò hù mọ́. Abọ́ omi rẹ̀ dojú dé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ dà á nù níbi tó ti ń sáré yípo. Bí ó bá jẹ́ inú àgò onírin ni wọ́n fi í sí, yóò rí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá láti abẹ́ géètì, ṣùgbọ́n kò ní rí ojú wọn, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí, òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tó wá wo mítà, gbogbo wọn ni yóò sì gbó mọ́ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Èrò kan sì wà tó gbilẹ̀ láàárín wa, pé ajá tí kò bá rí èèyàn ní ọ̀sán ni yóò burú lóru, nítorí náà wọn a tì í mọ́ inú àgò láti àárọ̀, wọn a sì tú u sílẹ̀ nígbà tí ilé bá ti sùn. Èrò yìí gan-an ni mo gbà pé ó bí èyí tó pọ̀ jù nínú gbígbó tí a ń ráhùn sí. Ajá tó fi gbogbo ọjọ́ sùn, tí kò rìn, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré, tí a wá ṣí sílẹ̀ ní aago mọ́kànlá pẹ̀lú gbogbo agbára tó ti kó jọ sí ara, kí ni yóò fi agbára náà ṣe bí kò bá gbó? Èyí tó tún burú ni pé ajá tó ń gbó mọ́ aláǹgbá, tó ń gbó mọ́ ewé tó bọ́ láti orí igi máńgòrò, kò sọ nǹkan kan fún olówó rẹ̀ mọ́. Ilé á ti mọ̀ ọ́n lára. Bí olè bá fo odi lóòótọ́, kò sí ẹni tí yóò dìde.

Kì í sì í ṣe ajá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló ń gbó. Òmíràn ń gbó nítorí pé ẹ̀rù ń bà á; òmíràn ń gbó nítorí pé olówó rẹ̀ jáde tí ó sì dá wà; ajá arúgbó tí etí rẹ̀ ti di tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀ a máa gbó lóru láìrí ohunkóhun; ajá tí etí tàbí eyín ń dùn a máa ké pẹ̀lú. Nítorí náà, ajá tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ tó ṣàdédé di aláriwo, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Àjọ LASEPA, tí ń mójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ pé ariwo ní àdúgbò tí èèyàn ń gbé kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ ní ọ̀sán, àti 45 lóru. Ajá tó bá gbó nítòsí wa lè kọjá 80 wẹ́rẹ́. Ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà, ní ọdún 2012, wọ́n wọn gbígbó ajá kan tí ń jẹ́ Charlie, ó sì dé 113.1. Ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn, ilé ọtí àti jẹnẹrétọ̀ ni ojú àjọ náà sábà máa ń wà lára, ìjà ajá a sì máa kù sáàárín aládùúgbò méjì.

Níbi tí ìjà náà bá ti gbóná ni ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ti ń wọlé. Nínú gògóńgò ajá, bí ó ti wà nínú tiwa, tán-án-ná méjì ń bẹ, awẹ́ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n nígbà tí èémí bá gba àárín wọn kọjá, gbígbọ̀n náà ni ó sì ń di ohùn. Dókítà ẹranko yóò fi oògùn kun ajá lóorun, yóò gba inú ẹnu rẹ̀ wọlé tàbí kí ó la ọ̀fun rẹ̀ láti ìta, yóò sì gé lára tán-án-ná náà kúrò. Nígbà tí ajá bá jí, kò ní mọ̀ pé a ti gbà á ní ohùn. Yóò máa gbó bí ó ti ń gbó, àyà rẹ̀ yóò máa fò sókè, ẹnu rẹ̀ yóò máa là, ṣùgbọ́n ohùn híhá ni yóò máa jáde, bí ti ẹni tí ikọ́ ti bá jà fún oṣù kan. Nígbà mìíràn, àpá á hù sí ojú ọgbẹ́, á sì fún ọ̀nà èémí pinpin. Nígbà mìíràn, omi àti oúnjẹ á máa ṣìnà. Ní ti ọ̀pọ̀ ajá, ẹran á tún hù níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohùn á sì padà, tó fi jẹ́ pé a náwó, a dá ọgbẹ́, a sì tún padà sí ibi tí a ti wà.

Àwọn tó fara mọ́ iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ìkà, ó sì yẹ kí a gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n ní onílé ti fún àwọn ní ìwé kí àwọn kó jáde, aládùúgbò sì ti pe ọlọ́pàá, àti pé bí ajá náà kò bá dákẹ́, ikú ló kàn án. Ṣé ajá tí kò lóhùn kò sàn ju òkú ajá lọ? Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ti wò ó títí, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 1987 lórí ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn inú ilé dárúkọ gígé ohùn pẹ̀lú gígé etí àti gígé ìrù nínú ohun tí kò gbọdọ̀ wáyé. Òfin ọdún 2006 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á láyè. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà fòfin dè é ní ọdún 2010, lẹ́yìn tí Banfield, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn ẹranko tó tóbi jù níbẹ̀, ti sọ ní ọdún 2009 pé àwọn kò ní í ṣe é mọ́. Ní Nàìjíríà, Ìwé Òfin Ọ̀daràn tí a jogún láti ọdún 1916 sọ ní abala 495 pé ẹni tó bá hu ìwà ìkà sí ẹranko, tàbí tó jẹ́ kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láìsí ìtọ́jú àti àánú, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó san àádọ́ta náírà. Àádọ́ta náírà! Owó náà kò tó ra egungun tí ajá yóò jẹ.

Ní tèmi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ìdí méjì tó jẹ́ ti Èkó gan-an sì mú mi wí bẹ́ẹ̀. Èkínní ni ooru. Ajá kì í làágùn bí èèyàn; mímí hẹlẹ-hẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n síta ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, nítorí náà ẹni tó bá fún ọ̀nà èémí ajá pinpin ní ìlú tí oòrùn oṣù kẹta ti ń jó orí páànù ti fi ẹ̀mí ajá náà wewu. Èkejì ni dìgbòlugi. Ajá ni ó ń kó àrùn náà ran èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn èèyàn tó ń pa, ọ̀kan lára àmì rẹ̀ sì ni pé ohùn ajá náà á yí padà, á há, nítorí àrùn ti wọ inú iṣan ọ̀fun. Ẹni tó bá ti fi ọ̀bẹ sọ ohùn ajá di híhá ti pa àmì náà rẹ́ kúrò lójú ará ilé, lójú mègádì, lójú àwọn ọmọ tó ń ṣeré lẹ́nu géètì.

(Ẹni tó bá ń fẹ́ ajá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó, Ọlọ́run ti dá a láìlo ọ̀bẹ: Basenji ni orúkọ rẹ̀, igbó Kóńgò ni wọ́n ti mú un. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé ó ń ké lọ́nà tirẹ̀, bí ẹni ń kọrin.)

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ yí ọjọ́ ajá náà padà. Ẹ mú un rìn ní ìdájí kí oòrùn tó mú, ẹ mú un rìn lẹ́ẹ̀kejì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fún un ní egungun ńlá tí yóò máa bá jà ní alẹ́, ẹ sì fi pákó dí abẹ́ géètì kí ó má baà máa rí ẹsẹ̀. Ẹ gbé àgò rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ odi tí ajá ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì dúró lójú fèrèsé kí ẹ máa kígbe pé, “Bingo, ṣẹ́nu ẹ!” nítorí lójú ti Bingo, olówó òun ti dára pọ̀ mọ́ òun, àwọn méjèèjì jọ ń gbó ni. Nígbà tó bá dánu dúró láti mí, ẹ sọ jẹ́jẹ́ pé “Ó tó,” kí ẹ sì fún un ní ẹran díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí ìdákẹ́ náà gùn díẹ̀ kí ẹran tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé kí ẹ lè yọjú sí i ni ó ṣe ń gbó, ẹ má yọjú, ṣùgbọ́n ẹ múra sílẹ̀: gbígbó náà yóò kọ́kọ́ le sí i kí ó tó rọ̀, ibẹ̀ sì ni sùúrù ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tán, tí wọn a jáde lọ nà án, tí ajá a sì kọ́ pé òun kò tíì gbó tó. Ní ti bẹ́líìtì ọrùn tó ń fi iná mànàmáná gbá ajá, Wales ti fòfin dè é láti ọdún 2010, èmi náà kò sì rí ohun tó fi kọ́ ajá ju ìbẹ̀rù lọ.

Ọ̀rọ̀ ku ẹni tí kò rí oorun sùn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi oṣù mẹ́fà dákẹ́, tó wá jáde ní òru ọjọ́ kan pẹ̀lú òkò tàbí ẹran onímájèlé lọ́wọ́, ti sọ ẹjọ́ rere di búburú. Ẹ lọ kí olówó ajá náà ní ọ̀sán. “Ẹ kú ilé o, Bàbá Ṣadé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ajá yín yìí, oorun ò kún ojú wa mọ́.” Ó ṣeé ṣe kí Bàbá Ṣadé máà mọ̀, nítorí yàrá iwájú ni ó ń sùn, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún sí i létí. Bí kò bá gbọ́, ẹgbẹ́ àwọn onílé ní òpópónà ń bẹ. Bí kò bá gbọ́ tiwọn, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ń bá èèyàn parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ aago tí ajá náà ń gbó sínú ìwé, ọjọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ìwé náà yóò wúlò fún alárinà, yóò sì wúlò fún Bàbá Ṣadé jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá rí i pé aago mẹ́rin ìdájí ni gbígbó ń bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tí oníbúrẹ́dì ń ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, pákó kan ní abẹ́ géètì lè tó.