Ohun Mímọ́ Kì Í Ṣe Ọjà Gbàǹjo

Ní ọdún 1898, òyìnbó kan, William Claxton Peppé, hú òkìtì àtijọ́ kan ní Piprahwa ní àríwá ilẹ̀ Íńdíà. Ó bá eegun nínú rẹ̀, tí ìkọ̀wé ara ìkòkò kan fi hàn pé ti Búdà ni, àti òkúta iyebíye tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Wọ́n fi eegun náà ta Ọba Siam lọ́rẹ; ìjọba gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú òkúta náà, ìdílé Peppé sì mú ìyókù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n fẹ́ lu ìyókù yìí ní gbàǹjo ní Hong Kong. Ìjọba Íńdíà fi òfin dí wọn lọ́nà. Ní oṣù keje, wọ́n padà sílé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, a pàtẹ wọn ní Delhi.

Àwọn kan wí pé ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni òkúta. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kó wọn ti eegun náà fi wọ́n júbà ni, kò fi wọ́n pamọ́ de oníṣòwò.

A bá Íńdíà yọ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ilé iṣẹ́ ọmọ Íńdíà kan ni ó san owó kí wọ́n tó wálé. Ẹni tí ohun mímọ́ ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dá a padà kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó.