Àwòrán Ara Ògiri: Ọ̀nà Tí Ará Àdúgbò Ń Gbà Dá Ọ̀rọ̀ Ìlú Sílẹ̀

Àwòrán ara ògiri tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn fẹnu kò lé lórí, tí wọ́n sì jọ kùn sí ibi tí tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá, ti di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń gbà sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń wúwo láti sọ, yálà ọ̀rọ̀ àìsàn, ìdọ̀tí àyíká, tàbí ti ìjọba tí kò ka mẹ̀kúnnù sí. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí pátákó ìpolówó ni pé àríyànjiyàn ti gbọ́dọ̀ wáyé kí ọ̀dà tó kan ògiri.

Ìlú Dakar, olú-ìlú Senegal, ni àpẹẹrẹ rẹ̀ ti hàn jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìrúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1988, nígbà tí wọ́n kéde pé Abdou Diouf ló wọlé, tí wọ́n sì fi Abdoulaye Wade, olórí ẹgbẹ́ alátakò, sí àtìmọ́lé. Ọdún ẹ̀kọ́ bọ́ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ìpakúpa tó wáyé láàárín Senegal àti Mauritania ní 1989 sì tún dá kún un. Nígbà tó fi di ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba ti ń pè ní jàǹdùkú ló gbé ìgbálẹ̀ àti ṣọ́bìrì, tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí, tí wọ́n ń la gọ́tà, tí wọ́n sì ń ya àwòrán sára ògiri. Set-Setal ni wọ́n pe ìgbòkègbodò yìí, orúkọ tí wọ́n mú láti inú èdè Wolof, tó ń tọ́ka sí ìmọ́tótó àyíká àti ti ìwà. Cheikh Amadou Bamba, olùdásílẹ̀ ìjọ àwọn Mùsùlùmí Mouride, wà lára ògiri kan. Nelson Mandela wà lára òmíràn. Ìkìlọ̀ nípa ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn AIDS náà kò gbẹ́yìn. Mamadou Diouf, onímọ̀ ìtàn, rí i gẹ́gẹ́ bí ìgbìyànjú àwọn ọ̀dọ́ láti kọ ìtàn tiwọn, èyí tó yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba ń sọ.

Ìjíròrò báyìí kì í sábà lọ láìsí ìjà. Ní Chicago, lọ́dún 1967, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ya àwòrán àwọn akọni wọn sára ilé kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Wall of Respect, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi kun ọ̀dà bo apá tí ọ̀kan nínú wọn yà, èyí tó dá aáwọ̀ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni ògiri gan-an.

Ilẹ̀ Yorùbá ti ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè yẹn tipẹ́. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ló máa ń jọ tún ògiri kùn nígbà ọdún òrìṣà, kò sì sí ẹnì kan tó lè sọ pé iṣẹ́ òun nìkan ni. Ayàwòrán Bọ́lájí Campbell kọ odidi ìwé kan, tó jáde ní 2008, nípa irú àwòrán ojúbọ bẹ́ẹ̀. Àtúnkùn yìí ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ, nítorí pé ògiri tí a kò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kàn mọ́, bí ó ti wù kó dára tó, ìkéde lásán ni.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ìlú bí Ìkọ̀yà ní agbègbè Òkìtìpupa gbé irú iṣẹ́ yìí fún kọngílá nìkan. Kí àwọn tó bá fẹ́ dá a sílẹ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí tó ni ògiri, kí wọ́n pe àwọn àgbà, àwọn ìyá ọjà àti àwọn ọ̀dọ́ jókòó, kí wọ́n fún àwọn tí kò gbà ní àyè tiwọn lára ògiri náà, kí wọ́n sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò tún un kùn.