Wúràọlá Kò Dáhùn: Ìwé Iwin àti Àwọn Ọmọ Wa Nílùú Òyìnbó

Àwọn kan nínú yín ń bi mí pé kí ló dé tí mò ń fún àwọn ọmọ tí a bí sí Atlanta níbí ní ìwé iwin àti idán. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan wò.

Ìbàdàn ni wọ́n bí Helen Oyeyemi sí ní 1984, ọmọ ọdún 4 ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí London. Kò tíì wọ yunifásítì tó fi kọ The Icarus Girl, tó jáde ní 2005. Jess, ọmọ ọdún 8, ni ìwé náà dá lé: òyìnbó ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá. Wọ́n mú un lọ kí bàbá àgbà ní Ìbàdàn. Bàbá pè é ní Wúràọlá, ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè! Níbẹ̀ ló ti pàdé ọmọbìnrin kan, Títíọlá. Kò lè pe orúkọ náà dáadáa, ló bá sọ ọ́ di TillyTilly. TillyTilly yìí tẹ̀ lé e dé London, òun nìkan ló sì ń rí i.

Ẹ má bínú, mo fẹ́ tú àṣírí. Ìbejì ni Jess. Ìkejì rẹ̀ kú nígbà ìbí, wọn ò sì sọ fún un. Nílé, wọn ìbá ti gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ. Ní London, kò sẹ́ni tó ṣe é. Wọ́n gbé Jess lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ọ̀ràn ọkàn. Mi ò bá wọn jà, nọ́ọ̀sì ni mí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo ti kọ rí, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ère ìbejì. Iwin inú ìwé yìí ló béèrè.

Tomi Adeyemi ńkọ́? Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ ò kọ́ ọ ní Yorùbá. Salvador ní Brazil ló ti ṣalábàápàdé àwọn òrìṣà. Nínú Children of Blood and Bone, tó jáde ní 2018, Yorùbá ni wọ́n fi ń pe ọfọ̀. Èdè tí wọn ò fún un nílé ló fi ṣe agbára! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, kí n má parọ́.

Àwa tí a ń gé orúkọ kúrú kí aláìsàn lè pè wá, a ṣì mọ odindi rẹ̀. Jess kò mọ tiẹ̀.

Tí ọmọ yín bá ti tó ọdún 15, ẹ jọ ka ti Oyeyemi. Kó má dá a kà lóru o, ẹ̀rù á bà á.